Àwọn Ọkọ̀ Òfuurufú Iléeṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfuurufú Nàìjíríà, láti 1964 títí di Òní

Ìfáàrà

Iléeṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfuurufú Nàìjíríà ni àbíkẹ́yìn nínú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta iṣẹ́ ológun orílẹ̀-èdè yìí. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1964. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ọkọ̀ òfuurufú ti ń wọlé fún un láti Jámánì, Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì, Czechoslovakia, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Pakísítàn àti Tọ́kì. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò wọn ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí a fi ja ogun abẹ́lé, èyí tí owó epo rà, èyí tí ó dẹnu kọlẹ̀, àti èyí tí ń fò lónìí.

Kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ni ìtàn yìí dá lé. Ìbéèrè kan ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ta ni ó gbà láti ta ọkọ̀ fún wa, ta ni yóò sì tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́? Ẹni tí ń gbé Maitumbi ní ìlú Minna, níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí Gwada àti Shiroro, mọ̀ pé ìbéèrè náà kan òun. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni àwọn agbébọn ti ń da àwọn ìletò apá ibẹ̀ láàmú, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti sá kúrò lórí oko wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun bá kọjá lókè, ìyàtọ̀ wà láàárín èyí tí yóò dé ibi tí ó ń lọ àti èyí tí yóò já bọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, bàálù ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe ọkọ̀ yòówù tí ó bá ń fò, yálà ó kó èrò ni tàbí ó kó ìbọn. Nínú ìwé, ọkọ̀ òfuurufú ni ó gbilẹ̀. Nígbà tí ó bá di dandan láti fi ìyàtọ̀ hàn, iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà ń ṣe ni èdè Yorùbá fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. A ní ọkọ̀ ajagun, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù, ọkọ̀ akẹ́rù, àti ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn awakọ̀ tuntun fi ń kọ́ bí a ti ń fò. Jẹ́ẹ̀tì àti hẹlikópítà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí gbogbo ènìyàn ti gbà. Ọkọ̀ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí a ń darí láti ilẹ̀, ni àwọn ènìyàn ń pè ní dúróònù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò lè pè é ní ọkọ̀ aláìláwakọ̀, nítorí pé ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa fàyè gbà á: àìní àti awakọ̀ di àìláwakọ̀, a sì fi oní kún un láti di aláìláwakọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀: 1962 sí 1967

Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà lọ ṣe iṣẹ́ àlàáfíà ní Kóńgò ní 1960 lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọkọ̀ òfuurufú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó gbé wọn lọ. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ sí Tanganyika ní 1964. Ìjọba rí i pé orílẹ̀-èdè tí kò lè gbé ọmọ-ogun ara rẹ̀ yóò máa dúró de àánú ẹlòmíràn. Ní 1962, a rán àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wàá lọ sí Etiópíà láti kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú. Ní 1963, àwọn mìíràn lọ sí Kánádà àti Íńdíà.

Jámánì Ìwọ̀-oòrùn ni ó gba iṣẹ́ dídá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ Jámánì kan, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz, ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀ ní Kàdúná, kí George Kurubo tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sí ipò náà. Oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta ni àwọn ará Jámánì kó wá: Piaggio P.149D fún ìkọ́ṣẹ́, Dornier Do 27 kékeré fún ìrìn-àjò àti ìṣọ́nà, àti Noratlas tí ó ń kó ẹrù àti ọmọ-ogun. Kò sí ọkọ̀ ajagun kankan láàárín wọn. Ète ìgbà náà ni láti gbé ènìyàn àti ẹrù, kì í ṣe láti ju bọ́ǹbù.

Lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Uetersen ní Jámánì láti 1964 sí 1966 ni ọmọ Minna kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abdulsalami Abubakar. Ó padà sílé, ó sì bọ́ sí ọmọ-ogun orí ilẹ̀. Òun ni ó di olórí orílẹ̀-èdè ní oṣù Kẹfà 1998, tí ó sì gbé ìjọba fún alágbádá ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999.

Ogun Abẹ́lé: 1967 sí 1970

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje 1967, ìjọba àpapọ̀ kò ní ọkọ̀ ajagun kan. Ó bẹ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà láti ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìṣọ̀kan Sófíẹ́tì ni ó gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, jẹ́ẹ̀tì MiG-17 àti L-29 Delfin tí a ṣe ní Czechoslovakia bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Kánò. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Ilyushin Il-28 dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wà wọ́n jẹ́ ọmọ Íjíbítì àti àwọn àjèjì tí a háyà, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n mọ jẹ́ẹ̀tì í wà kò tíì pọ̀.

Bíáfírà pẹ̀lú kó ọkọ̀ jọ bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ó ní B-26 àtijọ́ tí ó ń ju bọ́ǹbù. Ní oṣù Kẹwàá 1967, ọkọ̀ èrò kan tí ó fẹ́ fi ju bọ́ǹbù sí Èkó bú gbàmù lókè ìlú náà. Ní oṣù Karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Swídìn, kó ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ kékeré márùn-ún tí wọ́n ń pè ní MFI-9B wá, ó so ohun ìjà mọ́ ìyẹ́ wọn, ó sì kọlu pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt. Ohun tí ogun náà fi kọ́ni ni pé ọkọ̀ kékeré tí awakọ̀ rẹ̀ mọ ilẹ̀ lè ba jẹ́ẹ̀tì ńlá jẹ́ níbi tí a gbé e sí.

Àwọn aráàlú ni wọ́n jìyà ogun òfuurufú náà jù lọ. Bọ́ǹbù bọ́ sí ọjà àti ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1969, MiG-17 ìjọba já ọkọ̀ DC-7 tí ó ń kó oúnjẹ Red Cross lọ sí Bíáfírà lulẹ̀ nítòsí Eket. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni olórí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, kú nígbà tí ọkọ̀ L-29 tí ó ń dá wà já bọ́ ní Uzebba.

Ìgbà owó epo: 1975 sí 1987

Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì wọlé, ìjọba ológun sì pinnu láti sọ iléeṣẹ́ náà di ńlá. Ní 1975, MiG-21 rọ́pò MiG-17. Ní ọdún kan náà ni ọkọ̀ akẹ́rù Lockheed C-130H mẹ́fà dé láti Amẹ́ríkà. C-130 yìí ni ọkọ̀ tí ó pẹ́ jù lọ nínú ìtàn iléeṣẹ́ náà: títí di ọdún 2020 síwájú ni díẹ̀ nínú wọn ṣì ń fò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, ríra pọ̀ sí i. Alpha Jet 24 dé láti Jámánì, Kainji ní Ìpínlẹ̀ Niger sì di ibùdó wọn. Jaguar 18 dé láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984, a sì kó wọn sí Makurdi. Aermacchi MB-339 méjìlá àti ọkọ̀ akẹ́rù G.222 márùn-ún wá láti Ítálì; Ìlọrin ni àwọn G.222 ti ń gbéra. L-39 Albatros 24 dé láti Czechoslovakia láti 1986, Kánò sì ni a ti ń lò wọ́n fún ìkọ́ṣẹ́.

Nípa báyìí, ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ jẹ́jẹ́ tò bí àkàbà: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ fò ní Kàdúná nínú ọkọ̀ kékeré, á bọ́ sí L-39 ní Kánò, á gun Alpha Jet ní Kainji, lẹ́yìn èyí ni ẹni tí ó bá yege tó dé Makurdi. Ní Kàdúná náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Air Beetle pọ̀ ní òpin ọdún 1980. Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ kékeré ni, àwòṣe ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, RV-6A, ni a sì tẹ̀lé láti ṣe é.

Ìgbà tí ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀

Ẹni tí ó ra ẹṣin gbọ́dọ̀ wá koríko. Bí a bá ka iye oríṣi ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ní 1987, a ó rí i pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ìwé ìtọ́ni tirẹ̀ ní èdè tirẹ̀, àti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tí ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ̀yà MiG kò bá Jaguar mu. Mẹ́káníìkì tí ó kọ́ iṣẹ́ ní Rọ́ṣíà kò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ Ítálì láìtún kẹ́kọ̀ọ́.

Ìṣòro mẹ́ta wá papọ̀. Ìkínní ni pé owó epo wálẹ̀, náírà sì pàdánù ọ̀pọ̀ nínú iye rẹ̀ láti 1986. Bẹ́ẹ̀ owó òkèèrè ni a fi ń ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ìkejì jẹ́ ti òṣèlú. Àwọn awakọ̀ òfuurufú wà lára àwọn ọ̀gá ológun tí a yìnbọn pa ní oṣù Kẹta 1986 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, tí òun náà jẹ́ ọmọ Minna, bolẹ̀. Àwọn òpìtàn kan gbà pé láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fi ojú ìfura wo ẹ̀ka náà. Ìkẹta ni pé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn dẹ́kun títa ohun ìjà fún ìjọba ológun Nàìjíríà ní 1995, lẹ́yìn tí a pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Jaguar kò fò mọ́ láti 1991, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lo ọdún mẹ́jọ. MiG-21 dúró nínú oòrùn títí ó fi di irin àlòkù. Alpha Jet nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́ ogun dáadáa. Òun ni àwọn ọmọ-ogun ECOMOG fi jà ní Liberia àti Sierra Leone.

Ọjọ́ tí ó dùn àwọn ènìyàn jù lọ ni ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1992. C-130 kan gbéra ní Ìkẹjà, kò sì pẹ́ tí ó fi já sínú ẹrẹ̀ ní Èjìgbò, Èkó. Ó lé ní 150 ènìyàn tí wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀gá ológun onípò àárín tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Jaji, àwọn tí à bá máa pè ní ọ̀gágun àgbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ìran ọ̀gá kan ni ó bá ọkọ̀ kan lọ.

Láti 1999 títí di òní

Ìjọba alágbádá bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan ṣe díẹ̀díẹ̀. Hẹlikópítà ajagun Mi-35 wá láti Rọ́ṣíà. Ní 2005, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn 251 mílíọ̀nù dọ́là fún jẹ́ẹ̀tì F-7Ni méjìlá àti mẹ́ta ìkọ́ṣẹ́ láti Ṣáínà, láti rọ́pò MiG-21. Ọkọ̀ méjì ATR 42 dé ní nǹkan bí 2010 láti máa ṣọ́ etí òkun. Ṣùgbọ́n F-7Ni jẹ́ ọkọ̀ tí a ṣe láti bá ọkọ̀ mìíràn jà lójú òfuurufú, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀tá tí ó dìde lẹ́yìn 2009, Boko Haram ní Borno àti àwọn agbébọn ní Ìwọ̀-oòrùn Àríwá, kò ní bàálù kankan. Orí alùpùpù ni wọ́n wà, inú igbó ni wọ́n sì ń sá sí.

Ọkọ̀ tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni èyí tí ó lè rọra fò, tí ó lè pẹ́ lókè, tí ó sì lè rí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kedere. Nítorí náà ni Nàìjíríà ṣe ń wá A-29 Super Tucano, tí iléeṣẹ́ Embraer ti Bùràsílì dá sílẹ̀, tí a sì ń tò ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ṣèèṣì ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, Borno. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross sì wà lára wọn. Amẹ́ríkà dá ọ̀rọ̀ títa ọkọ̀ náà dúró, ó sì tó oṣù Kẹjọ ọdún náà kí ó tó gbà padà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ: ọkọ̀ tí kò rí ilẹ̀ dáadáa, tàbí awakọ̀ tí a fún ní ìròyìn tí kò péye, lè pa ẹni tí ó yẹ kí ó gbà là.

Super Tucano mẹ́fà àkọ́kọ́ dé Kánò ní oṣù Keje 2021. Nígbà tí mẹ́fà yòókù dé, wọ́n di méjìlá. Iye owó wọn súnmọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là, èyí tí ohun ìjà, ìkọ́ṣẹ́ àti ilé tí a kọ́ sí Kainji wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni a gba JF-17 Thunder mẹ́ta wọ iṣẹ́ ní Makurdi láti Pakísítàn, orílẹ̀-èdè tí ó ti ta ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ Super Mushshak mẹ́wàá fún wa ní nǹkan bí 2017. Hẹlikópítà T129 ATAK wá láti Tọ́kì. Jẹ́ẹ̀tì M-346 mẹ́rìnlélógún ni a ti bèèrè lọ́wọ́ Ítálì.

Dúróònù

Nàìjíríà ra Aerostar láti Ísírẹ́lì ṣáájú 2010 láti ṣọ́ agbègbè Niger Delta, ṣùgbọ́n àìsí ìtọ́jú sọ wọ́n di ohun ìgbàgbé. Lẹ́yìn náà ni CH-3, CH-4 àti Wing Loong II wá láti Ṣáínà, tí wọ́n lè gbé ohun ìjà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Kàdúná gbìyànjú tiwọn: Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí aṣọ lójú Gulma ní oṣù Kejìlá 2013, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tsaigumi ní oṣù Kejì 2018. Iṣẹ́ ìṣọ́nà ni a ṣe àwọn méjèèjì fún.

Ìpínlẹ̀ Niger nínú ìtàn yìí

Ó ṣòro láti rí ìpínlẹ̀ tí ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí kàn tó Ìpínlẹ̀ Niger. Kainji ni ilé Alpha Jet àti Super Tucano. Minna ni ọ̀kan lára ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń gbéra lọ kojú àwọn agbébọn nínú iṣẹ́ ogun tí a pè ní Gama Aiki.

Lára àwọn awakọ̀ iṣẹ́ Gama Aiki ní Minna ni Tolulope Arotile, ọmọ Ìfẹ̀ ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogi, láàárín àwọn Yorùbá Òkun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2019 ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ń wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kan náà ni Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tí ń wa jẹ́ẹ̀tì ajagun. Arotile kò kú sójú ogun: mọ́tò kan ni ó gbá a ní ibùdó Kàdúná ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2020. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2021, àwọn agbébọn jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ kó ní ilé ẹ̀kọ́ Kagara. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, King Air 350i kan gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ wá sí Minna láti bá wọn wá àwọn tí a jí gbé. Ẹ́ńjìnnì kọṣẹ́, ọkọ̀ náà yí padà, kò sì dé pápákọ̀ kí ó tó já bọ́. Àwọn méje tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, King Air 350i mìíràn já ní Kàdúná, ó sì pa olórí ọmọ-ogun orí ilẹ̀, Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru, àti àwọn mẹ́wàá mìíràn. Ní oṣù Keje, àwọn agbébọn yìnbọn lu Alpha Jet kan ní ààlà Zamfara àti Kàdúná. Awakọ̀ rẹ̀, Abayomi Dairo, já ara rẹ̀ jáde, ó sá pamọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2023, hẹlikópítà Mi-171 tí ó gbé àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ àti òkú àwọn ẹgbẹ́ wọn kúrò ní Zungeru já bọ́ ní Chukuba, ìjọba ìbílẹ̀ Shiroro.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá to ìtàn yìí pọ̀, a ó rí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá ṣetán láti tà ni ó ń pinnu ohun tí a ó fi jà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní 1967, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní 2017. Èkejì, ríra kò ṣòro tó ìtọ́jú: Jaguar tí ó jẹ́ tuntun kú láàárín ọdún díẹ̀, C-130 tí a ń tún ṣe sì ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ̀kẹta, agbára ọkọ̀ kò ju òótọ́ ìròyìn tí ó ń darí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ṣì wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níhìn-ín. Àwọn awakọ̀, mẹ́káníìkì àti ìdílé tí ìtàn yìí kàn ṣì wà láàyè, nínú wọn sì ni àwọn tí ń sọ èdè yìí wà. Ìtàn ẹnu wọn kò tíì bọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá gbà á sílẹ̀ nísinsìnyí yóò ṣe orílẹ̀-èdè lóore, nítorí pé irin ọkọ̀ máa ń dípẹtà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sílẹ̀ kì í tètè parẹ́.